Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ‘Ordinary’ àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Yorùbá Tí A Fi Ń Túmọ̀ Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìtumọ̀ àti Ìlò

1.0 Ìfáárà

Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ ìtumọ̀ àti ìlò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wò, èyí tí a máa ń lò lójoojúmọ́ láìbi ara wa léèrè ohun tí ó túmọ̀ sí gan-an. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘ordinary’. Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni ‘lásán’. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìdáhùn yìí tọ̀nà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n pé ó lè ṣi ni lọ́nà pátápátá nígbà mìíràn.

Àṣìṣe kan tí àwa fúnra wa ṣe ni ó sún wa dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní kí a bá àwọn túmọ̀ ìwé òfin wọn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ìwé náà pín àwọn ènìyàn inú ẹgbẹ́ sí ọ̀nà méjì: àwọn ìjòyè, àti àwọn tí ó pè ní ‘ordinary members’. ‘Ọmọ ẹgbẹ́ lásán’ ni a kọ fún àwọn wọ̀nyí. Ní ọjọ́ tí a ka ìtumọ̀ náà ní ìpàdé, ìyá àgbàlagbà kan dìde, ó ní, “Akọ̀wé, ọmọ mi, ṣé owó lásán ni àwa ń dá ni?” Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó bínú sí Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi lò ó. Yorùbá wa ni ó dun ìyá yìí. Ìbéèrè wa ni pé, kí ni ó wà nínú ‘lásán’ tí kò sí nínú ‘ordinary’?

A óò kọ́kọ́ wo orírun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà àti bí ìtumọ̀ rẹ̀ ti ń yí padà. Lẹ́yìn náà ni a óò wo àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó súnmọ́ ọn. Ní ìparí, a óò wo bí àwa ọmọ Nàìjíríà ti ń lo ọ̀rọ̀ náà nígbà tí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àti ohun tí ó yẹ kí ògbufọ̀ ṣe.

2.0 Orírun àti Ìyípadà Ìtumọ̀ ‘Ordinary’

Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. ‘Ordo’ ni gbòǹgbò rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí ìlà tàbí ètò. ‘Ordinarius’, tí a ṣẹ̀dá láti ara rẹ̀, ń tọ́ka sí ohun tí ó wà ní ìlà, tí ó sì bá ètò mu. Ọ̀rọ̀ náà gba inú èdè Faransé wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún tó parí. Ní ìpìlẹ̀, nígbà náà, kò sí ẹ̀gàn kankan nínú rẹ̀. Ohun tí ó bá wà ní ipò tí ó yẹ kí ó wà ni ó jẹ́ ‘ordinary’. Òdìkejì rẹ̀, ‘extraordinary’, sì ni ohun tí ó jáde kúrò ní ìlà.

Ìtumọ̀ àtijọ́ yìí kò tíì kú. Nínú òfin ìjọ Kátólíìkì àti ti Áńgílíkà, ‘ordinary’ ni orúkọ tí a ń pe bíṣọ́ọ̀bù tàbí aláṣẹ mìíràn tí agbára rẹ̀ ti ara ipò rẹ̀ wá, tí kì í ṣe pé ẹlòmíràn ni ó fi agbára náà rán an. Nínú ìsìn Máàsì, àwọn apá tí ọ̀rọ̀ wọn kì í yí padà, bí ‘Kyrie’ àti ‘Sanctus’, ni wọ́n ń pè ní ‘Ordinary’. Àwọn tí ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ti ń yí ni ‘Proper’. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú kàlẹ́ńdà tí ìjọ Kátólíìkì tún tò ní ọdún 1969, ‘Ordinary Time’ ni ọ̀sẹ̀ 33 tàbí 34 tí kò bọ́ sí àsìkò Ádífẹ́ntì, Kérésìmesì, Lẹ́ńtì tàbí Àjíǹde. Kíkà ni a ń ka àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ní ẹní, èjì, ẹ̀ta. Ẹni tí ó bá pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ lásán ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ náà fún wa ní àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1951 ni ìdánwò GCE bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ‘Ordinary Level’ àti ‘Advanced Level’. Ìpele méjì tí a tò tẹ̀ lé ara ni wọ́n. GCSE rọ́pò ìpele àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1988, ṣùgbọ́n ‘O level’ ṣì wà lẹ́nu wa ní Nàìjíríà títí di òní. Ẹni tí ó bá ti jókòó ṣe ìdánwò náà kò ní gbà pé ìdánwò lásán ni.

Báwo wá ni ẹ̀gàn ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà? Lójú tiwa, ìgbésẹ̀ náà kò ṣòro láti tọ̀. Ohun tí ó wà ní ìlà ni à ń rí ní gbogbo ìgbà; ohun tí à ń rí ní gbogbo ìgbà kì í dá yàtọ̀; ohun tí kò bá sì dá yàtọ̀, kì í pẹ́ tí ojú fi ń kéré rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, bí wọ́n bá pe obìnrin ní ‘ordinary’, ohun tí wọ́n lè máa sọ ni pé kò lẹ́wà. Samuel Johnson ka ìlò yìí mọ́ àwọn ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ ti ọdún 1755. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn sún ọ̀rọ̀ náà kì lẹ́nu títí ó fi di ‘ornery’, tí ó ń tọ́ka sí ẹni tí ó ya olórí kunkun tí inú rẹ̀ kò sì dára. Ọ̀nà jìn láti ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù dé ọ̀dọ̀ olórí kunkun, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni.

3.0 Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lè Dá Dúró

Kókó tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ‘ordinary’ kì í ní ìtumọ̀ tí ó pé àfi bí a bá mọ ohun tí ó dojú kọ. Nínú àpẹẹrẹ tí a ti mẹ́nu bà, ohun tí ó dojú kọ nínú Máàsì ni èyí tí ń yí padà. Nínú ìdánwò, ìpele tí ó tẹ̀ lé e ni. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, oyè ni.

Gilbert Ryle, onímọ̀ filọ́sọ́fì ní Oxford, ti rí ìṣòro yìí. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1953, tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní ‘Ordinary Language’, ó ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń dà pọ̀. Èkínní ni èdè tí gbogbo ènìyàn ń sọ, tí ó dojú kọ èdè àwọn onímọ̀. Èkejì ni ìlò tí a mọ̀ mọ ọ̀rọ̀ kan, tí ó dojú kọ ìlò tí kò wọ́pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ tiwa ṣe àpẹẹrẹ. ‘Fáwẹ̀lì àránmúpè’ kì í ṣe èdè ará ọjà. Ọ̀rọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni. Síbẹ̀ ó ní ìlò kan tí gbogbo wa nínú ẹ̀ka yìí mọ̀ mọ́ ọn. Kò ‘ordinary’ ní ọ̀nà kìíní, ó sì ‘ordinary’ ní ọ̀nà kejì.

Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí mọ́lẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ fún olùgbọ́ láti mọ èyí tí a ní lọ́kàn. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a óò ti rí i, ọ̀rọ̀ tí a bá yàn ní Yorùbá máa ń sọ ohun tí ó dojú kọ ọ́.

4.0 Àwọn Ọ̀rọ̀ Yorùbá

4.1 ‘Lásán’

Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ‘ní’ àti ọ̀rọ̀-orúkọ ‘asán’ ni ó di ‘lásán’. Fáwẹ̀lì ‘ní’ jẹ, ohùn òkè rẹ̀ bọ́ sórí fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e, ‘n’ sì di ‘l’, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ‘ní + ọ̀la’ tí ó di ‘lọ́la’. ‘Asán’ ni òfìfo, ohun tí kò ní nǹkan nínú. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì lò nínú Ìwé Oníwàásù. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) (a) Omi lásán ni ó wà nínú ìgò náà.
    (b) Ọwọ́ lásán ni ó fi pa ejò náà.

(2) (a) Ó kàn ń pariwo lásán ni.
    (b) Kì í ṣe lásán ni ó ń sunkún.

(3) (a) Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń sọ.
    (b) Ènìyàn lásán ni.

Nínú (1), ‘lásán’ ń sọ pé a kò fi nǹkan kún un: kò sí oògùn nínú omi náà, kò sì sí igi tàbí àdá ní ọwọ́ náà. Nínú (2), ó ń sọ pé kò sí ìdí tàbí èrè. Ìtumọ̀ yìí ni ó wà nínú òwe tí ó sọ pé ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Nínú (3), ó ń sọ pé kò sí iyì. Ohun kan ni ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ohun kan wà tí a retí tí a kò rí. Ní (1a) a retí oògùn, ní (2a) a retí ìdí, ní (3b) a retí ìwà tàbí ipò tí ó yẹ ènìyàn. Nítorí náà, ‘lásán’ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ètò rárá. Ọ̀rọ̀ àìní ni.

Ẹnìkan lè sọ pé (3b) kì í ṣe ẹ̀gàn ní gbogbo ìgbà, nítorí pé a máa ń gbọ́ ‘Ènìyàn lásán ni èmi náà’. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni ó ń sọ ọ́ nípa ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni à ń pè ní onírẹ̀lẹ̀. Ẹni tí ó bá rẹ ẹlòmíràn sílẹ̀, orúkọ mìíràn ni à ń pè é. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá ní ẹ̀gàn nínú, kò lè wúlò fún ìrẹ̀lẹ̀.

4.2 ‘Ṣákálá’

‘Ṣákálá’ yàtọ̀ sí ‘lásán’ ní ìlò àti ní ìtumọ̀. Ní ti ìlò, ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó ń yán. Kì í bá ọ̀rọ̀-ìṣe rìn bí ‘lásán’ ti ń ṣe:

(4) (a) ọjọ́ ṣákálá
    (b) aṣọ ṣákálá
    (c) *Ó ń pariwo ṣákálá.

Ní ti ìtumọ̀, ohun tí a yà sọ́tọ̀ ni ‘ṣákálá’ máa ń dojú kọ. Ọjọ́ ṣákálá ni ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún. Aṣọ ṣákálá ni aṣọ tí kì í ṣe ti òde. Kò sí àìní kankan nínú wọn. Ẹni tí ó wọ aṣọ ṣákálá wọ aṣọ tí ó yẹ ọjọ́ náà. Ẹ fi (5a) wé (5b):

(5) (a) ọ̀rọ̀ ṣákálá
    (b) ọ̀rọ̀ lásán

Nínú iṣẹ́ lítíréṣọ̀, ‘ọ̀rọ̀ ṣákálá’ ni èdè tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, tí kì í ṣe èdè ewì. ‘Ọ̀rọ̀ lásán’ ni ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí. Akéwì pàápàá lè sọ ọ̀rọ̀ lásán, àgbẹ̀ sì lè fi ọ̀rọ̀ ṣákálá sọ ohun tí ó jinlẹ̀ jù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò gbà pé gbogbo ohun tí kì í ṣe ewì kò ní láárí. Àṣìṣe ńlá ni èyí yóò jẹ́ fún ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní èdè.

Ohun kan tún wà nípa ‘ṣákálá’ tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin àwọn baba wa, Ọbàtálá, Ifá, Ògún àti Ṣàngó ni wọ́n ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ti Ṣàngó ni à ń pè ní ọjọ́ Jàkúta. Ọjọ́ Jàkúta lè jẹ́ ọjọ́ ṣákálá fún alágbẹ̀dẹ tí ń bọ Ògún, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ̀wọ̀ ni fún adóṣù Ṣàngó. Kò sí ọjọ́ kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó jẹ́ ṣákálá fún gbogbo ayé. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ohun tí òun yà sọ́tọ̀ ni ó ń sọ ọjọ́ di ṣákálá.

4.3 Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Ó Jẹ Mọ́ Ènìyàn

A kò ní pẹ́ lórí ‘wọ́pọ̀’, tí ó ń sọ nípa iye, àti ‘yẹpẹrẹ’, tí ó jẹ́ ẹ̀gàn pọ́ńbélé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ‘ordinary person’, Yorùbá yóò béèrè pé: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ta ni? Bí ó bá jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awo, ọ̀gbẹ̀rì ni. Ọlọ́rọ̀ tí ó kọ́ ilé mẹ́wàá ṣì lè jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì níwájú awo. Bí ó bá jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀tọ̀kùlú ìlú, mẹ̀kúnnù ni. Bí ó bá jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò, ará ìlú tàbí onílé ni.

‘Tálákà’ fi bí ọ̀rọ̀ ti ń pààrọ̀ ohun tí ó dojú kọ hàn wá dáadáa. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti yá a. Lọ́dọ̀ wọn, ‘talaka’ lè jẹ́ ẹni tí kò sí nínú àwọn aláṣẹ, yálà ó ní owó tàbí kò ní. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, owó ni a gbé kò ó lójú: tálákà Yorùbá ni ẹni tí kò ní lọ́wọ́.

5.0 ‘Ordinary’ Lẹ́nu Àwa Ọmọ Nàìjíríà

Títí di ibí yìí, ìrìn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ni a ń wò. Ìrìn àbọ̀ náà wà. Ẹ gbọ́ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yìí, tí a lè gbọ́ ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa, pẹ̀lú Yorùbá tí ó bá a mu:

(6) (a) ‘Ordinary biro, he could not lend me.’
    (b) Bírò lásán, kò lè yá mi.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá gbọ́ (6a) lè rò pé irú bírò kan ni à ń sọ, tí kì í ṣe èyí tí ó dára. Ohun tí a ń sọ kọ́ nìyẹn. Bírò náà lè jẹ́ ti wúrà. Ohun tí a ń sọ ni pé ojú rere tí a béèrè kéré, kò sì yẹ kí a fi dù wá. ‘Lásán’ ni ó wọ aṣọ ‘ordinary’ níbẹ̀. A fi ọ̀rọ̀ náà ṣáájú, a yọ ‘a’ tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ kúrò, gbogbo rẹ̀ sì wà bí ó ti wà nínú (6b).

Èyí tí ó lè mú wàhálà wá ni (7):

(7) (a) ‘This sickness is not ordinary.’
    (b) Àìsàn yìí kì í ṣe ojú lásán.

‘Ojú lásán’ ni ojú tí a kò fi nǹkan kún. Bí a bá wí pé ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe ojú lásán, ohun tí a ń sọ ni pé ọwọ́ ẹnìkan tàbí agbára kan wà nídìí rẹ̀ tí ojú kò rí. Bí aláìsàn bá sọ (7a) fún dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá, dókítà lè gbọ́ pé àìsàn náà le tàbí pé ó ṣọ̀wọ́n, kí ó sì wá oògùn tí ó lágbára. Aláìsàn kò sọ̀rọ̀ nípa líle rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó fà á ni ó ń sọ. Àwọn méjèèjì yóò sọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọn kò sì ní gbọ́ ara wọn yé. Kì í ṣe pé aláìsàn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó fi dojú kọ ‘ordinary’ ni ó yàtọ̀ sí ti dókítà.

6.0 Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ògbufọ̀ Ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 55, fi àyè sílẹ̀ fún Haúsá, Ígbò àti Yorùbá ní Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ nígbà tí ètò tí ó yẹ bá ti wà. Àdéhùn Vienna lórí òfin àdéhùn, ti ọdún 1969, ní kí a fi ‘ordinary meaning’ àwọn ọ̀rọ̀ inú àdéhùn túmọ̀ rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá kọ ‘ìtumọ̀ lásán’ síbẹ̀, ó ti sọ fún adájọ́ pé kí ó fi ìtumọ̀ tí kò ní láárí ṣèdájọ́.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ògbufọ̀ kọ́kọ́ wá ohun tí ‘ordinary’ dojú kọ nínú gbólóhùn tí ó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà:

(i) bí ó bá dojú kọ ohun tí a fi kún nǹkan, kí ó lo ‘lásán’: omi lásán;
(ii) bí ó bá dojú kọ ohun tí a yà sọ́tọ̀, kí ó lo ‘ṣákálá’: ọjọ́ ṣákálá;
(iii) bí ó bá dojú kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ tàbí tí a dìídì pè, kí ó lo ‘déédéé’: ìpàdé tí a ń ṣe déédéé, tí ó yàtọ̀ sí ìpàdé àkànṣe;
(iv) bí ó bá dojú kọ ìlò àwọn onímọ̀, kí ó sọ ọ́ gbangba: ìtumọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà;
(v) bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni, kí ó wá orúkọ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ láwùjọ: ará ìlú, mẹ̀kúnnù, ọ̀gbẹ̀rì.

‘Déédéé’ inú (iii) ni ó súnmọ́ ‘ordo’ àtijọ́ jù lọ, nítorí pé òun náà ń sọ nípa ètò tí kò sì ní ẹ̀gàn nínú. Ó yà wá lẹ́nu pé òun kọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé inú ètò ni ‘ordinary’ ti ṣẹ̀, pé ẹ̀gàn bá a lójú ọ̀nà ni, àti pé ìtumọ̀ rẹ̀ kì í pé láìjẹ́ pé a mọ ohun tí ó dojú kọ. A sì ti fi hàn pé Yorùbá pín iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan yìí ń ṣe láàrin ọ̀rọ̀ púpọ̀, àti pé ‘lásán’, tí a máa ń sáré mú, ni ọ̀rọ̀ tí àìní wà nínú rẹ̀ jù.

Ní ti ìwé òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a tún un ṣe. A gbìyànjú ‘ọmọ ẹgbẹ́ tí kò joyè’, ṣùgbọ́n àìní ṣì wà nínú ìyẹn pẹ̀lú. Ní ìgbẹ̀yìn, a yọ ‘lásán’ kúrò, a kò sì fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. ‘Ọmọ ẹgbẹ́’ ni gbogbo wọn. Àwọn tí ó joyè nínú wọn ni a fún ní orúkọ mìíràn. Ìyá tí ó bi wá ní ìbéèrè gbọ́ ọ, ó sì mi orí. A gbà pé ìtumọ̀ tí ó tọ̀nà ni, nítorí pé àwọn tí wọ́n wà ní ìlà kò nílò ọ̀rọ̀ kankan láti fi sọ bẹ́ẹ̀.